Ẹ̀kọ́ Bàọ́lọ́jì àti Ìtọ́jú Ìgbàgbọ́ ní Yunifásítì Kristẹni

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tí ẹ wá síbí, àti ní pàtàkì ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ bàọ́lọ́jì ní yunifásítì Kristẹni, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè kọ́ ìmọ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí dójú àmì, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Ọlọ́run sì máa dàgbà lákòókò kan náà. N kò ní fi èrò mi pamọ́ di ìparí. Ohun tí mo gbà ni pé ìgbàgbọ́ tí a bá kọ́ sórí ohun tí àwọn onímọ̀ kò tíì mọ̀ yóò máa kéré sí i lọ́dọọdún, nítorí pé ọdọọdún ni ìmọ̀ ń pọ̀ sí i; ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí a bá kọ́ sórí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ lè jókòó nínú yàrá ìwádìí láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìbẹ̀rù ohun tí wọn yóò ṣàwárí lọ́la.

Ọ̀pọ̀ òbí ló yan yunifásítì Kristẹni fún ọmọ wọn nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì a máa gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n sì rò pé bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá ti jẹ́ ti ìjọ, ewu ti kọjá. Mo mọyì ìfẹ́ tó wà nídìí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ilé ẹ̀kọ́ lè ṣètò ìsìn àárọ̀, ó lè ní kí olùkọ́ fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, ó sì lè fi ẹ̀kọ́ Bíbélì kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kó tó gboyè, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tó lè bá akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wà níbẹ̀ títí yóò fi jáde, kó máa kọrin nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń kọrin, kó máa ṣe àmín nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe àmín, láìsí ẹni tó bi í bóyá ó gba ohun tó ń wí gbọ́, láìsí pé òun pàápàá bi ara rẹ̀. Nígbà tó bá wá bọ́ síta, tí aago ìsìn kò dún sí i létí mọ́, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ló ni ìgbàgbọ́ náà, òun kọ́ ló ni ín. Kò sí olùkọ́ bàọ́lọ́jì kankan tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó mú kí irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ níye lórí gan-an, lójú tèmi, ni pé ẹni tó kọ́ yín bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín ní òwúrọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ẹ ó bá pàdé nínú àdúrà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sì lè gbé ìbéèrè méjèèjì lọ bá a. Àǹfààní ńlá ni èyí. Àánú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lò ó máa ń ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú yàrá ìwádìí. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ bàọ́lọ́jì tètè máa ń ṣe ni wíwo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sí méjì nínú gbòǹgbò àlùbọ́sà. A ó gé ṣóńṣó gbòǹgbò náà, ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ péré, nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń dàgbà. A ó rì í sínú ásíìdì kí àwọn sẹ́ẹ̀lì lè tú kúrò lára wọn, a ó kán aró sí i, a ó fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, a ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le jù yóò fọ́ gíláàsì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dẹ̀ jù yóò kàn rí sẹ́ẹ̀lì tó gun orí ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é bó ṣe yẹ, tó sì rọra ń yí maikirosikóòpù títí àwòrán fi mọ́, yóò rí sẹ́ẹ̀lì kan tí kírómósómù 16 rẹ̀ (àwọn ọ̀pá kéékèèké tó gbé àbùdá rẹ̀) tò sí àárín gbùngbùn, yóò rí òmíràn tí àwọn kírómósómù rẹ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì tí wọ́n ń lọ sí ìpẹ̀kun, yóò sì rí òmíràn tí ògiri tuntun ti ń hù láàárín rẹ̀.

Kí ló ń fa àwọn kírómósómù náà? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "Ọlọ́run ni" sínú ìwé ìdánwò kò purọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè. Okùn tín-ín-rín ló ń fà wọ́n, purotéènì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tubulin la fi ṣe okùn náà, a sì ti mọ bí ó ṣe ń gùn àti bí ó ṣe ń kúrú. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ èyí, ó rọrùn láti nawọ́ sí ibẹ̀ pé ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ka irú ibẹ̀ yóò rí i pé ọjọ́ tí olùkọ́ ṣàlàyé tubulin ni Ọlọ́run rẹ̀ pàdánù àyè kan, yóò sì máa wá ibòmíràn tí ìmọ̀ kò tíì dé kó lè gbé Ọlọ́run sí. Onísáàmù tó wí pé tẹ̀rù-tẹ̀rù àti tìyanu-tìyanu ni a dá òun kò gbọ́ orúkọ kírómósómù rí, kò sì gbé ìyìn rẹ̀ ka àìmọ̀. Gbogbo ohun tó rí ló fi yin Ọlọ́run. Àwa tí a rí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ kí ìyìn wa gùn ju tirẹ̀ lọ. Ọlọ́run tó dá ewéko ló dá tubulin, àlàyé wa nípa rẹ̀ kò sì mú un kúrò lọ́wọ́ Ẹni tó ni ín.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé àdúrà àti bàọ́lọ́jì kò lè gbé inú ilé kan, ẹ sọ ìtàn Gregor Mendel fún un. Ní 1843 ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti Augustine ní ìlú Brno, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní 1847. Ó yege nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kò yege nínú ìdánwò tí ì bá fi di olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn aṣáájú rẹ̀ nínú ìsìn ló wá rán an lọ sí Yunifásítì Vienna, níbi tó ti kọ́ físíìsì, ìṣirò àti ìmọ̀ nípa ewéko láàárín 1851 sí 1853. Nígbà tó padà dé, ó gbin irú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní pea sínú ọgbà ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà, láti 1856 títí dé 1863 ló sì fi ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan sórí òmíràn, tó ń ká irúgbìn, tó sì ń kà wọ́n. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìwádìí rẹ̀, ó ka irúgbìn 5,474 tó rí roboto àti 1,850 tó hunjọ, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan geere. Láti inú kíkà yẹn ló ti mọ̀ pé àbùdá kì í pòórá bí kò bá tilẹ̀ hàn lára ọmọ, pé ó ń fara pamọ́, ó sì lè yọjú lára ọmọ-ọmọ.

Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1866, àwọn tó kà á kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní 1868 wọ́n fi í ṣe olórí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà, iṣẹ́ àbójútó gbà á lọ́wọ́ ìwádìí, ó sì kú ní 1884 láìrí ẹni tó yìn ín fún un. Ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ mìíràn tó ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tún ṣàwárí ìwé rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni sùúrù. Ẹni tó ń gbàdúrà ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ohun kan náà léraléra láìsú, mo sì gbà gbọ́ pé ìwà yẹn wúlò fún un nínú ọgbà.

Àwọn mìíràn pọ̀. John Ray, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, to àwọn ewéko sí ìdílé-ìdílé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Linnaeus, ẹni tí ayé mọ̀ jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Theodosius Dobzhansky, tó jẹ́ ọmọ Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, wà lára àwọn tó so ìmọ̀ àbùdá mọ́ ẹfolúṣọ̀n, ẹ̀kọ́ pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, ní ọ̀rúndún tó kọjá. Francis Collins, tó darí iṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n fi ka DNA ènìyàn, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá dání bí ìwé tí a fi lẹ́tà kọ, iṣẹ́ tí wọ́n kéde ní 2003 pé ó ti parí, kò gba Ọlọ́run gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn, nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ni ìbéèrè nípa Ọlọ́run ti mú un. Mo mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ńlá kì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run ń bẹ, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò gbàgbọ́ náà sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi orúkọ wọn jà. Ohun tí ìtàn wọn lè ṣe fún yín ni pé ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ rin ọ̀nà yìí.

Mo ti dárúkọ ẹfolúṣọ̀n, n kò sì ní sá fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gboyè nínú bàọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ mọ ẹfolúṣọ̀n, kó mọ̀ ọ́n débi tí ẹni tó gbà á gbọ́ pátápátá yóò fi lè wí pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí." Kó máa kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àwàdà, kó máa há a sórí fún ìdánwò kó sì gbàgbé rẹ̀, kò yẹ Kristẹni, nítorí pé ẹlẹ́rìí èké ni ẹni tó bá sọ èrò ọmọnìkejì rẹ̀ sódì. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ènìyàn ní kírómósómù 46, chimpanzee àti gorilla ní 48. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ kírómósómù kejì ti ènìyàn wò, wọ́n rí i pé àmì tó yẹ kó wà ní etí kírómósómù nìkan tún wà láàárín rẹ̀, bí ìgbà tí a so okùn méjì pọ̀ tí kókó rẹ̀ sì ń hàn. Wọ́n tún rí i pé apilẹ̀ àbùdá tí ọ̀pọ̀ ẹranko fi ń ṣe fítámì C fúnra wọn wà lára wa, ṣùgbọ́n ó ti bà jẹ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára àwọn ọ̀bọ tó sún mọ́ wa. Irú ẹ̀rí báyìí ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ìran kan náà ni àwa àti wọn ti ṣẹ̀ wá.

Ẹni tó bá ń ka Jẹ́nẹ́sísì yóò bi ara rẹ̀ ohun tó yẹ kó fi èyí ṣe, àwọn Kristẹni olóòótọ́ kò sì dáhùn bákan náà. Àwọn kan di ọjọ́ mẹ́fà inú Jẹ́nẹ́sísì mú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kà á. Àwọn kan gbà pé ayé ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá ènìyàn lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ẹfolúṣọ̀n ni ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà dá àwọn ohun ẹlẹ́mìí. Póòpù Pius Kejìlá wí ní 1950 pé àwọn Kátólíìkì lè ṣèwádìí nípa ibi tí ara ènìyàn ti wá, bí wọ́n bá ti gbà pé Ọlọ́run ló ń dá ọkàn. Ní 1996, Póòpù John Paul Kejì wí pé ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n ti kọjá àbá lásán. Ìjọ mìíràn kò gba ìyẹn. Èmi ní tèmi ti gba ẹ̀rí náà, mo sì ń kúnlẹ̀ gbàdúrà síbẹ̀. N kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gbà á nítorí tèmi, n kò sì ní ka ẹni tí kò gbà á sí òpè. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe kánjú parí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún àkọ́kọ́, yálà láti sọ ìgbàgbọ́ nù tàbí láti sọ ẹ̀rí nù. Augustine, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ohun tó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn, kìlọ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé Jẹ́nẹ́sísì pé ìtìjú ni kí aláìgbàgbọ́ gbọ́ kí Kristẹni máa fi Ìwé Mímọ́ sọ ìsọkúsọ nípa ohun tí aláìgbàgbọ́ náà ti fi ojú ara rẹ̀ rí; báwo ni yóò ṣe wá gba ohun tí ìwé kan náà wí nípa àjíǹde gbọ́?

Síbẹ̀, lójú tèmi, ìrora ń da ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ bàọ́lọ́jì láàmú ju ẹfolúṣọ̀n lọ. Charles Darwin pàápàá, ẹni tí a fi ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n mọ̀, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge pẹ̀lú èrò láti di àlùfáà, kọ lẹ́tà ní 1860 sí Asa Gray, Kristẹni onímọ̀ ewéko ní Amẹ́ríkà, pé òun kò lè gbà pé Ọlọ́run onínúure ló mọ̀ọ́mọ̀ dá irú agbọ́n tó ń yé sínú ara kòkòrò mìíràn kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa jẹ ẹ́ láàyè. Annie ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 10, ti kú ní 1851, ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ló sì gbà pé ọgbẹ́ yẹn kò san.

Ẹ jẹ́ kí a wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú DNA: ibi tó yẹ kí A wà, T ló wà níbẹ̀. Nítorí ìyẹn, nínú ẹ̀wọ̀n kan lára hemoglobin, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí èròjà 146 tò sí, èròjà kẹfà jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní valine dípò glutamic acid. Nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù, àwọn hemoglobin náà á so mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bí dòjé, á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ọmọdé á sì máa ké nítorí egungun tó ń ro ó. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ẹni tó gba àbùdá náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ní ààbò lọ́wọ́ ibà tó ń pani, ìdí sì nìyẹn tí àbùdá náà fi pọ̀ níbi tí ibà ti pọ̀. Ohun tó dáàbò bo ọmọ kan ni ó ń pa àbúrò rẹ̀. Olùkọ́ yóò kọ ọ́ sára pátákó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ tó ṣe kedere nípa àṣàyàn àdánidá, bí àbùdá tó ń ran ẹ̀dá lọ́wọ́ láti yè ṣe ń pọ̀ sí i, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dà á kọ. Bóyá ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an wà ní ilé ìwòsàn lọ́wọ́lọ́wọ́.

Kí ni ìgbàgbọ́ yóò sọ? Kó má ṣe sáré sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ni wọ́n ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin afọ́jú náà tàbí ti òbí rẹ̀ ló fà á, Jésù kò gbà fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Pọ́ọ̀lù wí pé gbogbo ẹ̀dá ló jùmọ̀ ń kérora. Ìwé Mímọ́ kò fi ìkérora náà pamọ́ fún wa, kò sì sọ pé a ti mọ gbogbo ìdí rẹ̀. Èmi kò ní ìdáhùn tó lè mú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ̀rora wí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ohun tí mo ní ni Ọlọ́run tí a kàn mọ́ àgbélébùú, tí kò dúró sí òkèèrè wo ìrora wa, mo sì di í mú.

Báwo wá ni a ṣe ń tọ́jú irú ìgbàgbọ́ yìí láàárín iṣẹ́ tó pọ̀? Ẹ gbàdúrà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kò ní kí ẹ gbà á. Ẹ ka Ìwé Mímọ́ fún ara rẹ̀, kí ẹ má sọ ọ́ di ibi tí ẹ ti ń wá ẹsẹ tí yóò ti DNA lẹ́yìn. Orí 38 sí 41 nínú ìwé Jóòbù, níbi tí Ọlọ́run ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè nípa ẹyẹ, ẹranko ìgbẹ́ àti òkun, yẹ kó jẹ́ ojúlùmọ̀ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bàọ́lọ́jì. Ẹ wá àgbà kan tó mọ iṣẹ́ náà, tó sì mọ Ọlọ́run, kí ẹ bá a sọ iyèméjì yín kó tó gbó sí yín nínú; bàbá tó ké sí Jésù pé òun gbàgbọ́, kó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́, rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìwé iṣẹ́ àfọwọ́ṣe yín kún ìjọsìn yín. Bí ìwádìí bá yẹ kó fún yín ní mẹ́ta sí ọ̀kan tó sì fún yín ní méjì sí ọ̀kan, méjì sí ọ̀kan ni kí ẹ kọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń darí àdúrà, tó sì ń da èsì ẹnìkejì kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù nìyẹn, ju ohunkóhun tí Darwin kọ lọ.

Ìjọ yín náà ń retí yín. CRISPR, irinṣẹ́ tí a fi ń tún DNA ṣe, ti ara ọ̀nà tí bakitéríà fi ń gbèjà ara wọn lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì wá. Ní 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń lò ó lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kí ara rẹ̀ lè tún máa ṣe irú hemoglobin tí ọmọ inú oyún ń lò. Ṣùgbọ́n ní 2018, onímọ̀ kan ní Ṣáínà ti kéde pé òun tún àbùdá àwọn ìbejì kan ṣe nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọlẹ̀, àbùdá tí wọ́n lè fi lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, àwọn ará ìjọ yóò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Wọn yóò tún mú ìbéèrè tó sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS, ìyẹn ni pé olúkúlùkù wọn gba àbùdá fòníkú-fọ̀ladìde lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, yóò wá jókòó níwájú yín lẹ́yìn ìsìn. Ẹnì kan yóò ti sọ fún wọn pé bí wọ́n bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan péré ni yóò ní àrùn náà. Ẹlòmíràn yóò ti sọ pé bí ìgbàgbọ́ wọn bá tó, kò sí èyí tí yóò ní in. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ Mendel gbọ́dọ̀ lè fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan ni ewu náà ti jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin, pé oyún tó kọjá kì í dín ti èyí tó ń bọ̀ kù, àti pé Ọlọ́run tí wọ́n ń gbàdúrà sí kò bínú sí ẹni tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ bá àwọn gbàdúrà kí wọ́n tó pinnu, kí ẹ mọ bí a ṣe ń gbàdúrà náà.